Ayò Òyìnbó Tí Ọmọ Mi Kọ́ Mi

Ilé ìwòsàn ni mo ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, àbíkẹ́yìn mi ló sì kọ́ mi. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fònìkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra láti kékeré. Kò sí ọdún tí òjò máa rọ̀ tán tí a ò ní gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Bí egungun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: ṣé ó ti ń rọlẹ̀, ṣé apá ni àbí ẹ̀yìn, ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè mi sú u. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n bá òun gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì òun wá láti ilé. Ó tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rọra gbé ọwọ́ tí wọ́n fa omi sí lé orókún, ó ní, "Mọ́mì, siddon. Make I teach you, make you stop to dey look my face."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Port Harcourt la bí i sí, ní Iwofe, lẹ́bàá omi, Pidgin ló sì kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Èmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Yorùbá ni mò ń bá a sọ. Kò sí èyí tí kò gbọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Pidgin ni yóò fi dá mi lóhùn. Bàbá rẹ̀, ará Ọ̀fà tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Alesa, máa ń sọ pé ọmọ yìí á délé lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn òun á sì rò pé àlejò ló wá kí àwọn. Ẹ̀rín lọmọ náà máa ń fi í rín.

Níléèwé girama ni wọ́n ti kọ́ òun náà. Kò lè sáré, kò lè gbá bọ́ọ̀lù, wọn kì í jẹ́ kó dúró sínú òjò. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn ò mọ ibi tí ì bá fi í sí, ló bá fi í sídìí ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́. Ẹsẹ̀ àwọn yẹn san, wọ́n padà sí pápá. Òun dúró.

Mi ò lè rántí orúkọ tí Òyìnbó ń pe àwọn ère orí pátákó náà, torí náà mo fún wọn lórúkọ tèmi. Ọba àti olorì ò le. Ẹṣin ń jẹ́ ẹṣin. Èyí tó dà bí ilé gogoro, ilé ni mo pè é. Bíṣọ́ọ̀bù, mo pè é ní onífìlà. Àwọn kéékèèké tó tò síwájú bí ẹni tó ń lọ sí iléèwé, mo pè wọ́n ní ọmọ. Bó bá pa ọ̀kan lára wọn, màá ní, "O ti pa ọmọ mi nìyẹn," òun á sì rẹ́rìn-ín títí ìrora á fi mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń pè wọ́n níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ikwerre àti ọmọ Ìgbò: "I don chop your ọmọ." Àwọn yẹn rò pé orúkọ wọn gan-an nìyẹn.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọpọlọ mi ti kún fún iye bàtà àti ṣòkòtò ọmọdé tí mò ń tà nínú ọjà Mile One. Òkìrìká ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìdí ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ náà kò mọ̀ mí ní ìyá. Kò ta mí lọ́rẹ rí. Títí tó fi lọ, mi ò pa á láyò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdíje òpin ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún ní gbọ̀ngàn iléèwé kan ní D-Line. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á parí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sunday. Àwọn ọ̀ta, ìyẹn àwọn tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa, ní apá tiwọn, àwọn òpè ní apá tiwọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ ló lè wá. Lọ́dọ̀ àwọn òpè lòun wà. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ta ju gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èèyàn lọ. Màá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, màá sìn ín lọ pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná àti súwẹ́tà, nítorí wọn kì í pa ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngàn náà. Èmi àtàwọn ìyá mìíràn á jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Láti ibẹ̀ mo máa ń rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ lójú fèrèsé. Bó bá fọwọ́ họ ọrùn, mo mọ̀ pé nǹkan ò dára fún un.

Bàbá rẹ̀ ò tẹ̀ lé wa lọ rí. Ayò òyìnbó ló ń pè é. Ó ní ẹni tó ń jó irin kì í ráyè Sátidé.

Ó ti wọ yunifásítì, ó wà lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tí ó lọ. Àárín òjò ni. Ó wálé láti Choba, níbi tí yunifásítì wọn wà, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè pẹ̀lú ikọ́, ó ní àyà ń dun òun. A gbé e dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, wọn ò tíì pe ìrun ọ̀sán tí dókítà fi wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ kó tó la ẹnu. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Gíláàsì tó bọ́ yẹn ni mo rí.

Lọ́jọ́ náà gan-an la sin ín, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á kalẹ̀. Ní ti àṣà Yorùbá, bàbá àti ìyá kì í mọ sàréè ọmọ tó bá ṣáájú wọn. Àwọn ọkùnrin mọ́sálásí ló gbé e lọ. Wọ́n fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá, wọ́n fi èmi sáàárín àwọn obìnrin ní pálọ̀. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí, mi ò sì gbọdọ̀ béèrè.

Bí arúgbó bá kú, ẹnu àwọn èèyàn máa ń dá ṣáká: ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á jẹ́ ká jọ wọ́n. Ní tèmi, wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní kí n má sunkún, pé ọmọ tó máa ń ṣàìsàn ti sinmi. Aládùúgbò wa kan, obìnrin Ikwerre, kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé lọ sí kíṣíìnì mi, ó fọ àwo, ó gbá iwájú ilé, ó nu èéfín dúdú tó máa ń rọ̀ sórí gbogbo nǹkan nílùú wa kúrò lára àga tí wọ́n tò síta, ó sì lọ. Òun ni mo rántí jù lọ nínú gbogbo àwọn tó wá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà àdúrà fìdáù, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì wá. Wọ́n dúró lẹ́yìn bí ẹni tó ń bẹ̀rù ilé wa. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó fi gèlè pupa bo orí, tó ń wò mí bí ẹni pé ó ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Wọ́n pín oúnjẹ, àwọn èèyàn pọ̀, nígbà tí mo tún máa wò, ó ti lọ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan nígbà tí mo rí ìkéde ìdíje náà lára ògiri kan lọ́nà ọjà. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí onímáruwá kan fi ń fọn fèrè sí mi. Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi ń fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo sọ fún un.

"Bàbá wọn, mo fẹ́ lọ ta ṣẹ́ẹ̀sì."

"Níbo?"

"Níbi tó ti máa ń ta á."

Ó ń bá ọwọ́ fífọ̀ lọ. "Ìwọ àtàwọn ọmọdé?"

"Àgbà náà máa ń wá. Ẹnikẹ́ni ló lè lọ."

"Kí lo ń wá lọ síbẹ̀, Ìyá wọn?"

"Mi ò mọ̀. Kò síbòmíì tí mo lè lọ ni."

Ó ta omi ọwọ́ rẹ̀ nù. "Lọ," ó ní. "Tó bá máa jẹ́ kó o máa sùn, lọ."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Mama, the pikin wey wan play dey where?"

"Na me wan play," mo ní.

Ó tún wo ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n so mí pọ̀ mọ́ jẹ́ ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ epo. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí èèyàn bá ti gbé ère tirẹ̀ tán, aago kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí àkókò tirẹ̀ lè dúró kí ti ẹnìkejì máa lọ. Wọ́n ò fi aago kọ́ mi ní ọsibítù. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbàgbé, gbogbo ìgbà ni ọkùnrin náà sì ń sọ pé, "Mama, your clock." Ó pa mí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn mí. Ẹnìkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ gọ́ọ̀mù, kò fi nǹkan kan hàn mí. Kíá ló pa mí, ó sì dìde.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ọ̀sán, mo jókòó sídìí pátákó tí wọ́n ní kí n lọ, àga iwájú mi ṣófo. Mo tún àwọn ère mi tò bó ṣe yẹ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, adájọ́, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó máa ń rọra rìn láàárín àwọn tábìlì, wá bá mi. Ó ní ẹni tó yẹ kó bá mi ta kò tíì dé, òun máa tẹ aago rẹ̀. Bí àkókò rẹ̀ bá tán tí kò dé, èmi ni mo jàre.

Ó tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà orí aago náà ń dín kù. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n máa wò ó lọ. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ Tọ́sìdeè la sin ọmọ mi. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó yẹ kó wà níbí. Ó ti fún wọn lórúkọ, ó ti ní kí n bá òun fọ súwẹ́tà òun. A ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ta ni ìbá rántí ṣẹ́ẹ̀sì? A jẹ́ pé wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí lọ́jọ́ náà. A jẹ́ pé ẹnì kan jókòó bí mo ṣe jókòó yìí, tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Adájọ́ ní mo lè jáde lọ gba atẹ́gùn. Mo ní mo dúpẹ́. Mi ò dìde. Mo jókòó ti aago náà títí ó fi dé òdo, títí iná pupa fi tàn lára rẹ̀, tí wọ́n sì wá sọ fún mi pé mo ti jẹ.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi béèrè bó ṣe lọ.

"Mo jẹ ẹyọ kan," mo ní.

"O ṣe é," ó ní. Mi ò sọ irú jíjẹ tí mo jẹ fún un.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n so mí pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan. Kò bo orí lọ́jọ́ náà, ó di irun rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó jókòó ni mo ti dá a mọ̀. Ẹni tó ń wò mí lọ́jọ́ fìdáù ni. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ Yorùbá. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. A ò sọ̀rọ̀, nítorí wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì, èyí tí ọmọ mi kọ́ mi. Mo gbé ọmọ kan síwájú, mo gbé ẹṣin tẹ̀ lé e, mo gbé onífìlà sí igun tó máa ń gbé e sí. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí. Ó na ọwọ́ láti gbé ère tirẹ̀, ọwọ́ náà dúró lókè, kò balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó doríkodò, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ká ta á lọ́mì, ká pín in, ká máa lọ.

Mo fi orí kọ̀. "No, my daughter," mo ní. "Play am."

Bí mo bá gbà á, yóò dà bí ìgbà tí mo jí nǹkan gbé. Ẹni tó kọ́ mi kò fún mi lọ́mì rí. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ta á. Ó ta á dáadáa. Olorì mi kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ mi tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá kò ṣẹ́ ku ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba mi. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ láti fi gbà pé ó ti pa mí, mo bọ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

Nígbà tí a jáde sí abẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Pidgin ló sì ń sọ ọ́. Ó ní, "Mama, èmi ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo jókòó dè é."

Mo gbé ọwọ́ lé ara igi náà.

"Mi ò mọ̀ pé ó ti kú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Mo bẹ adájọ́ pé kó dá aago dúró díẹ̀, pé ó ń bọ̀, pé bóyá ọkọ̀ ni kò tètè rí. Ó ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àkókò rẹ̀ tán, wọ́n ní mo jẹ. Mo dá jókòó, mo to gbogbo ère rẹ̀ padà fún un, mo ní tó bá dé, a ṣì máa ta á, bí wọn ò tiẹ̀ kà á. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn nílé yín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Mo fà á mọ́ra. Ó ga jù mí lọ, egungun rẹ̀ le, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi, mo kíyè sí i bí ara rẹ̀ ṣe dá, ó sì dùn mí.

Ibẹ̀ la wà tí mo fi rí ọkọ mi lẹ́nu géètì. Ó wọ jàlàbíà rẹ̀ funfun tó ń wọ lọ kí Jímọ̀, ó ń wo apá ọ̀tún, ó ń wo apá òsì, bí ẹni tó ń wá ilé onílé. Mi ò tí ì rí i níbẹ̀ rí. Ó kí ọmọbìnrin náà, ó yí sí mi.

"Ibo ló máa ń jókòó sí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. Ó mú wa wọlé, ó mú wa dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ẹ̀rọ kì í dé dáadáa. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ nígbà yẹn. Ọkọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ tí iná wẹ́dà ti jó láìmọye ìgbà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ń bọ̀ láti wá sọ fún un pé àwọn òǹwòran kì í wọ ibẹ̀. Ọmọbìnrin náà lọ pàdé rẹ̀, ó sọ nǹkan sí i létí, ọkùnrin náà sì gba ibòmíràn lọ.

Mo ṣì ní ẹyọ kan láti ta. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń ta. Ó ti kó gbogbo nǹkan mi tán, ṣùgbọ́n ó ká ọba mi mọ́ ibi tí kò ti lè lọ sí ibì kankan, láìsí ère kankan tó ń lé e. Òfin ní ọ̀mì nìyẹn. Inú bí bàbá náà sí ara rẹ̀ gidi. Èmi kò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ títí wọ́n fi sọ fún mi pé ká dìde.

Kéké la wọ̀ padà sí Iwofe. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jáde ìsìn ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀nà kún, a ò yára. Ọkọ mi jókòó sápá ọ̀tún, ó kọjú síta. A ti fẹ́ dé Rumuolumeni kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó máa ń pè mí," ó ní.

"Ta ni?"

"Òun. Tó bá ti ta ẹyọ kan tán. Màá pa ẹ̀rọ, màá ṣí ìbòjú, màá jáde sí gbangba kí n lè gbọ́ ọ. Yorùbá ló fi ń sọ ọ́ fún mi. Á ní, 'Dádì, mo ti nà wọ́n.' Tàbí, 'Dádì, wọ́n nà mí, ẹ má sọ fún Mọ́mì pé mo sunkún.'"

Mi ò mọ̀ rárá. Ní gbogbo ìgbà tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú fúláàsì, mi ò mọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi wá wò ó rí?"

"Ojú mi ò gbà á. Bí ó bá ń ro ohun kan, bí ó ṣe máa ń ṣe ojú nígbà tí ara bá ń ro ó náà ló máa ń ṣe é. Mi ò lè dá a mọ̀ yàtọ̀." Ó nu imú rẹ̀ mọ́ ọwọ́ jàlàbíà. "Sátidé yẹn, nígbà tí ilé kún, tí fóònù mi dún, mo ti dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí i kó sunkún láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Ọlọ́kéké wò wá nínú dígí, ó na ọwọ́, ó yí ohùn rédíò rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí a dé ìkóríta wa, a sọ̀ kalẹ̀, ọkọ mi lọ sí mọ́sálásí, èmi wọlé lọ gbé omi kaná.